Wọ́n fi báírò pupa fa igi lé Ọjọ́ Òṣìṣẹ́

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ọ̀sẹ̀ fún wa tán ni. Mo ka tèmi lẹ́ẹ̀mejì, kò pé. 3,500 ló dín.

Mo lọ bá súpáfáísọ̀. Ó ṣí ìwé, ó fi ìka tọ́ orúkọ mi. Àwọn ọjọ́ yòókù ní àmì. Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún nìkan ni wọ́n fi báírò pupa fa igi lé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ débi pé ìwé fẹ́ẹ̀ ya.

"Ọlidé nìyẹn. Ìwọ wá síṣẹ́ ni?"

"Rárá, sà. Ìjọba ló ní ká jókòó sílé. Àwọn stáàfù náà ò wá, wọ́n sì gbowó."

"Stáàfù ni wọ́n. Kásúà ni ẹ̀yin."

Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ o! Ọdún kẹta mi rèé nídìí ẹ̀rọ yẹn. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó ti di stáàfù, òun gbowó ọlidé.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń tọ́jú arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn tí kò ní wákàtí kan pàtó lọ́hùn-ún pàápàá ń ní owó ìsinmi, ìdá 12.07 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Èmi ńkọ́? Bí wọ́n bá ní kí n má wá mọ́ lọ́la, ìjọba wa ò ní owó aláìríṣẹ́ kankan tí mo lè lọ gbà. Ìyẹn ni mi ò ṣe jà. Mo ní "ẹ ṣé, sà," mo bá tèmi lọ.

Ẹ̀yin kásúà ẹgbẹ́ mi, ṣé wọ́n sanwó ọjọ́ yẹn fún yín?