Wáfáì Tó Ń Pe Ara Rẹ̀ Ní Síídì

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wáfáì kékeré tí a ń kì bọ ojú USB, irú èyí tí ó kún ọjà Wuse níbí l'Ábújá, ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí Windows, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé orí Linux (ètò mìíràn tí ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows), wọn a dákẹ́ bí àlejò tí kò gbédè. Èyí tí àbúrò mi gbé wá láti Kubwa kò tilẹ̀ tan iná.

Kí ẹnikẹ́ni tó máa wá driver (ètò tí ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo ẹ̀rọ kan) kiri, lsusb, àṣẹ tí ń to àwọn ohun tí a kì bọ ojú USB pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, ni kí ó kọ́kọ́ tẹ̀. Nọ́ńbà tí a rí ni 0bda:1a2b, èyí tí ó fi hàn pé ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣe bí síídì tí a kó driver Windows sí. Àṣẹ tí ó yí i padà sí wáfáì nìyí:

sudo usb_modeswitch -K -v 0bda -p 1a2b

Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà náà di 0bda:c811, ìyẹn ti ìdílé chip wáfáì RTL8821CU. Láti orí Linux 6.2, tí ó jáde ní ọdún 2023, ni driver rẹ̀, rtw88_8821cu, ti wà nínú kernel (ọkàn Linux) fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kernel 5.15, tí ó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, ni Ubuntu 22.04 (irú Linux kan) ti àbúrò mi ń lò. A fi okùn so fóònù àbúrò mi mọ́ kọ̀ǹpútà, a fi dátà rẹ̀ (tí kò dùn mọ́ ọn nínú) fa linux-generic-hwe-22.04, tí ń gbé kernel tuntun wá, wálẹ̀, a sì tún kọ̀ǹpútà náà tàn. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju kíkó driver láti ìta lọ, nítorí Secure Boot, ààbò tí ń yẹ ètò wò bí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, kì í gba èyí tí a kò bu ọwọ́ lù.