Àparò Mẹ́rin, Abọ́ Gààrí Kan

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, nígbà tí òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ kò tíì dé tán, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Èbúté Mẹ́ta, mo sì forí lé Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ránṣẹ́ sí mi pé bí mo bá ṣì fẹ́ bá àwọn dẹ àparò gẹ́gẹ́ bí mo ti ń wí láti ọjọ́ pípẹ́, kí n tètè máa bọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun igbó. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọdẹ pọ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, tiwa sì wà lára wọn. Ìtàn pàápàá sọ pé àwọn ọdẹ ti ń gbé lẹ́bàá Òkè Olúmọ kí Ṣódẹkẹ́ tó kó àwọn Ẹ̀gbá dé ibẹ̀ ní 1830. Nítorí náà, mo rò pé kò sí ẹni tí yóò tún máa kọ́ irú èmi ní ọdẹ ṣíṣe. Mo tan ara mi jẹ.

N kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, wàhálà ọ̀nà ti dínkù fún irú wa. Mo sọ̀ ní ibùdókọ̀ Láderin tí wọ́n fi sọrí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, mo wọ ọkọ̀ dé Kútọ̀, mo ti ibẹ̀ wọ òmíràn gba Òṣíẹ̀lẹ̀ lọ sí Ọ̀dẹ̀dá, ọ̀kadà sì gbé mi dé abúlé nínú eruku. Màmá, ìyàwó Bàbá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kí mi káàbọ̀, wọ́n sì fi àwo ata tí wọ́n ti rẹ́ sílẹ̀ hàn mí. Wọ́n ní, “Ata ti wà nílẹ̀ o, ẹyẹ ló kù.”

A jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá wọ gbérí ọdẹ wọn, wọ́n gbé ìbọn ṣakabùlà kọ́ èjìká, wọ́n sì fi ọ̀rá wé ìdí rẹ̀ kí ìrì má baà ba ẹ̀tù jẹ́. Èmi wọ bàtà rọ́bà tí mo rà lójú ọ̀nà, èyí tó ń dún gbọ̀-gbọ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbẹ́sẹ̀, títí Bàbá fi dúró tí wọ́n wo ẹsẹ̀ mi tí wọn kò sì sọ nǹkan kan. Ajá wọn, Tanímọ̀la, ló ṣáájú. Àwọn obìnrin méjì tó ń lọ pọn omi kí wa pé, “Àrìnpa o!” Bàbá ní, “Ògún á gbọ́.”

Ilẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá kì í ṣe igbó kìjikìji. Àpáta ló yọrí níhìn-ín lọ́hùn-ún, oko ẹ̀gẹ́ àti kàṣú wà láàárín wọn, ewé Akíntọ́lá sì ti gba gbogbo oko tí wọ́n fi sílẹ̀. Irú ibẹ̀ gan-an ni àparò fẹ́ràn, nítorí pé kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn bíi kó hú àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, kó sì sá wọ inú igbó kékeré tó wà nítòsí. Kì í fẹ́ fò, ẹsẹ̀ ló fi ń sá. Àfi bí èèyàn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni yóò tó gbéra lójijì pẹ̀lú ariwo ìyẹ́. Àwọn èèyàn a máa fi aṣọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó pọ́n, ṣùgbọ́n aṣọ pípọ́n yẹn ni kò jẹ́ kí a rí i láàárín ewé gbígbẹ.

Bí ojú ọ̀run ṣe ń là, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ohùn wọn há, ó rí bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn gé igi gbígbẹ. Ọ̀kan ń ké ní apá ọ̀tún wa, òmíràn ń dá a lóhùn lẹ́yìn àpáta. Gbogbo wa la mọ òwe pé kò sí àparò tó ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. N kò mọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn pé akọ rẹ̀ a máa gun orí ebè ní tòótọ́ kí ohùn rẹ̀ lè lọ jìnnà. A fi ìkùn wọ́ dé ibi ebè náà. Ojú ẹsẹ̀ ló kù lórí rẹ̀, àti ìgbẹ́ tútù.

Lẹ́yìn èyí ni Bàbá ká ewé ẹ̀gẹ́ kan sókè, wọ́n sì fi ọwọ́ pè mí. Ihò kékeré kan wà nínú iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, ó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, ìyẹ́ kan tó ní ilà funfun wà ní etí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹyẹ náà ti ń fi eruku wẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ìrì ti mú kí ilẹ̀ tó yí i ká tutù, ṣùgbọ́n inú ihò náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyẹn ni ibi tí ọwọ́ mi ti súnmọ́ àparò jù lọ ní gbogbo ọjọ́ náà.

A jókòó sábẹ́ àràbà kan títí oòrùn fi yọ dáadáa. Àwọn tó ń gbé òkè òkun a máa ròyìn ìgbà ìwọ́wé wọn fún wa bí ẹni pé àwọn nìkan ni igi wọn ń wọ́wé, ṣùgbọ́n ewé àràbà náà ń já bọ́ sí wa lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń fò lọ fò bọ̀ lókè, èyí tó sì wà lára wọn tó jẹ́ pé Yúróòpù ni wọ́n ti pa ẹyin rẹ̀, yóò ti fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àkókó ń sọ igi níbì kan. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, n kò sì rántí ìgbà tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí ní Èkó. Àfi ilé iṣẹ́ afọ́kùúta kan tó wà lẹ́yìn òkè ló bà á jẹ́: wọ́n fi àdó olóró fọ́ àpáta lójijì, ilẹ̀ mì, gbogbo ẹyẹ sì pa ẹnu dé. Bàbá pòṣé.

Nígbà tó yá, ebi ń pa wá. Bàbá gbé ìbọn ti igi kàṣú kan, mo da omi sí gààrí, mo da ẹ̀pà lé e. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ṣíbí kejì sẹ́nu ni àparò mẹ́rin jáde láti inú ewé Akíntọ́lá, wọ́n sì ń rìn kọjá níwájú wa bí ẹni ń lọ sọ́jà. Akọ ló ṣáájú. Mo rí ilà funfun tó wà lókè ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ní àwọ̀ ewé, àti ẹ̀gún méjì tó yọ lẹ́yìn ẹsẹ̀ ọ̀hún. Ìbọn wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí Bàbá. Bàbá kò mira. Èmi náà kò mira, ṣíbí ṣì wà lẹ́nu mi. Tanímọ̀la ń sùn. Akọ náà dúró, ó wò wá, ó ṣa kòkòrò kan jẹ nílẹ̀, ó sì kó àwọn ará ilé rẹ̀ wọ inú oko.

Bàbá ní, “Ṣé o rí wọn?”

“Mo rí wọn, sà.”

“Ó dáa. Bu omi sí gààrí ẹ, ó ti wú.”

A rìn títí di ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, a kò tún rí ìyẹ́ ẹyẹ kan. Nígbà tí a délé, Màmá kò béèrè nǹkan kan. Wọ́n wo àpò ọdẹ tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, wọ́n sì gbé làfún kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ẹja àrọ̀ yíyan kún inú rẹ̀. Ẹja náà ti rọ̀ débi tó fi hàn pé ó ti pẹ́ gan-an tó ti ń bá ata náà hó. Bàbá bu òkèlè àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ilé ìdáná gan-an, nínú oko ẹ̀gẹ́ Màmá, àparò kan ké. Tanímọ̀la na etí sókè, ó wo Bàbá, ó sì tún gbé orí lé ẹsẹ̀ wọn.