Yíyan Gíà fún Rọ́bọ́ọ̀tì Ìdíje

Bí a bá fẹ́ yan gíà fún rọ́bọ́ọ̀tì, eré tó lè sá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Lójú tèmi, ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: bí rọ́bọ́ọ̀tì wa àti ti ẹgbẹ́ mìíràn bá forí gbárí, tí wọ́n ń ti ara wọn, ṣé táyà ni yóò kọ́kọ́ máa yọ̀ nílẹ̀ ni, àbí breaker (ohun tó ń já iná bí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá bá pọ̀ jù) ni yóò já?

Ẹ jẹ́ kí á fi CIM, mọ́tò oníná kan tó ń yí táyà rọ́bọ́ọ̀tì, ṣe ìṣirò rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó nínú FIRST Robotics Competition, ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama. Láìsí ẹrù, ó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 5,330 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí a bá dì í mú pinpin, yóò fa iná 131 ampere (ampere ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn). Ká ní rọ́bọ́ọ̀tì náà wúwo tó kílò 60, tó ní mọ́tò mẹ́rin àti táyà onínṣì mẹ́rin, tí agbára tó lè fi ti nǹkan kí táyà tó yọ̀ sì bá ìwúwo rẹ̀ dọ́gba. Fi gíà eléyín 14 yí eléyín 50, kí o sì fi eléyín 16 yí eléyín 48: mọ́tò yóò yí ìgbà 10.71 kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan, mọ́tò kọ̀ọ̀kan yóò sì máa fa nǹkan bí 40 ampere nígbà tí táyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bí a bá fi 19 àti 45 rọ́pò 16 àti 48 (àròpọ̀ méjèèjì jẹ́ 64, nítorí náà inú àpótí kan náà ni wọ́n ń wọ̀), ó di 8.46, iná tí mọ́tò ń fà sì sún mọ́ 50.

Breaker 40 ampere tó ń ṣọ́ mọ́tò kọ̀ọ̀kan kì í já lójú ẹsẹ̀, ó ní láti gbóná ná, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ti alátakò léraléra yóò rí ìjà rẹ̀. Ohun tí a rí gbà dípò rẹ̀ ni eré: lórí ìwé, mítà 2.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan di 3.4. Bí ìrìn inú eré ìdíje náà kò bá ju mítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní fi agbára ra eré yẹn, nítorí pé apá púpọ̀ nínú ìrìn náà ni rọ́bọ́ọ̀tì yóò fi máa mú eré rẹ̀ pọ̀ sí i, tí yóò sì tún fi máa dín in kù láti dúró.

Àwọn kan yóò ní kí á kúkú lo àpótí gíà oníyára méjì. Ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ó wúwo sí i, ó sì ń béèrè pé kí awakọ̀ rántí pààrọ̀ gíà nígbà tí ọkàn rẹ̀ wà lórí ohun mìíràn.