Jíìpù kan náà, Àkúrẹ́ àti Leicester

Pajero tí ẹ̀gbọ́n mi ń wà ní Àkúrẹ́ àti èyí tí èmi ń wà ní Leicester nílùú Ọba, ọmọ ìyá ni wọ́n. Shogun ni wọ́n kọ sára tèmi níbí, ṣùgbọ́n jíìpù kan náà ni, ó sì ti dàgbà. Láti 2021 ni Mitsubishi ti dáwọ́ Pajero ṣíṣe dúró ní Japan. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ràn rẹ̀, àtúnṣe ló kù.

Iyọ̀ ló ń pa tèmi. Tí òtútù bá dé, wọ́n á da iyọ̀ sójú títì kí omi má baà di yìnyín. Iyọ̀ yẹn á wọ abẹ́ ọkọ̀, irin á sì máa dípẹtà níbi tí ojú kò tó. Ẹ́ńjìnnì lè máa dún dáadáa nígbà tí abẹ́ ti jẹ tán. Ọdọọdún sì ni ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún mẹ́ta ń lọ fún àyẹ̀wò MOT, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ ṣì dára fún títì. Bí ìpẹtà bá ti jẹ irin nítòsí ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó tàbí ṣọ́ọ̀kì ti dì mọ́ ara ọkọ̀, wọn ò ní fún ọ níwèé. Owó àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ kò ju £54.85 lọ, owó wẹ́dà ló ń dá mi lágara, torí wákàtí wákàtí ni wọ́n ń ka owó iṣẹ́ níbí. Nígbà tí owó iṣẹ́ bá ju iye ọkọ̀ lọ, wọ́n á gbé e lọ fún àwọn tó ń fọ́ ọkọ̀ ta irin. Ó máa ń dùn mí wọra.

Abẹ́ Pajero ẹ̀gbọ́n mi kò dípẹtà. Kòtò àti eruku ni òun ń bá jà, torí oko kòkó lápá Ìdànrè ló ń gbé e lọ. Tí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ pupa yẹn á fẹ́ gbé táyà mì; ibẹ̀ ló ti ń fa ọ̀pá jíà kékeré sí 4LLc, jíà alágbára tí kì í sáré, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọ máa fà á jáde. Lọ́gbẹlẹ̀, eruku á dí fíltà. Búùṣì, àwọn rọ́bà abẹ́ ọkọ̀, kì í pẹ́, ṣọ́ọ̀kì kì í pẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe! Níbí, bí kíkì tó ń ṣí ẹ́ńjìnnì bá kú, wọ́n á yọ ọ́ dànù, wọ́n á fi odindi mìíràn sí i. Ní Àkúrẹ́, rìwáyà á tú u palẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, á wò ó. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù tó ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ẹ má tíì ra òmíràn, sà. Búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló jẹ tán, ẹ jẹ́ n pààrọ̀ rẹ̀." Lọ́jọ́ náà ni ọkọ̀ ṣíná. Ọmọ iṣẹ́ tó dúró tì í ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, òun náà á mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023 ni owó ẹ̀yà ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti ń bani lẹ́rù. Ọwọ́ àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí ni kò jẹ́ kí jíìpù ẹ̀gbọ́n mi dúró sílé.

Àyẹ̀wò nìkan ni mo fẹ́ kí wọ́n mú ní dandan nílé. Ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ dára fún títì wà lọ́hùn-ún náà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń gbà á láìsí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ wọn. Òkè ni ilẹ̀ Ìdànrè. Bíréèkì tí kò mú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀mí èèyàn ló ń gbà.

Mi ò lè fi tèmi ránṣẹ́ sílé, torí ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ̀ ọ́ ní MOT, mi ò ní tà á fún àwọn alájókù irin. N ó tú u: ṣọ́ọ̀kì, ilẹ̀kùn, irin tó di táyà mú, gbogbo ohun tó bá bá ti ẹ̀gbọ́n mi mu. Iná iwájú nìkan ni mi ò ní kó sí i, torí apá òsì ni tibí ń tàn sí. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí n fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣáájú.