Ohun tí kárọ́ọ̀tì tí mo gbìn ní Òde Rẹ́mọ kọ́ mi

Ìtìjú ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára mi. Oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá ni, mo gbé apẹ̀rẹ̀ kárọ́ọ̀tì méjì láti Òde Rẹ́mọ lọ fún ìyá kan tí wọ́n ń ta èso ní ọjà Ṣágámù. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n ṣẹ́ ẹ, wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀, wọ́n sì tu ú sí àtẹ́lẹwọ́. "Ìyá Ṣọlá, ṣé inú kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì lẹ kó èyí sí ni?" Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan fi ọ̀bẹ la tirẹ̀, ó ní kí wọ́n wá wo bí àárín rẹ̀ ṣe funfun bí ẹ̀gẹ́. Mo gbé ẹrù mi padà sílé láìta ẹyọ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbìn ín ní ìhà tiwa mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á, nítorí mo roko, mo sì bomi rin ín láràárọ̀. Ooru ni. Oṣù kejì ni mo gbìn ín, bẹ́ẹ̀ kárọ́ọ̀tì fẹ́ ìwọ̀n 15 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe dáadáa ní Jọ́ọ̀sì, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó nǹkan bí 1,200 mítà. Bí ooru bá pọ̀ jù, ṣúgà inú rẹ̀ a dín kù, èròjà olóòórùn tó ń mú un korò a sì pọ̀ sí i. Àwọ̀ rẹ̀ náà a ṣá, àwọ̀ yẹn gan-an sì ni beta-carotene tí ara wa ń sọ di fítámì A.

Mo tún da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sórí ebè, débi pé àwọn kan pín sí ẹsẹ̀ méjì bíi ṣòkòtò. Àṣìṣe ni, mo gbà, ṣùgbọ́n kò ba adùn rẹ̀ jẹ́ tó ooru. Ẹ má gbìn ín sínú ooru.

Ní oṣù kọkànlá, mo gbin òmíràn, mo fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀ lè tutù, ọyẹ́ sì bá a lóko. Mo hú u lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó dùn, bí kò tilẹ̀ tó ti Jọ́ọ̀sì. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ kan lọ sí Ṣágámù. Ìyá eléso kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ.