Sọ́fítíwíà tí kò fẹ́ wọlé sórí Windows 7: ibi tí ìṣòro máa ń wà

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ń lo Windows 7 ṣì pọ̀ nílẹ̀ wa: ní bìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ní ilé ìwé, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ káàdì ìnáwó. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú títún un ṣe fún gbogbo èèyàn, àmọ́ ẹ̀rọ náà ò tìtorí ìyẹn kú. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé èèyàn á dáńlóòdù sọ́fítíwíà, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, gbólóhùn òyìnbó gbọọrọ kan á jáde, iṣẹ́ á sì dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ní fáìlì yẹn ló bàjẹ́, wọ́n á tún lọ dáńlóòdù ẹ̀. Dátà ló ń ṣòfò. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe fáìlì yẹn. Àwọn nǹkan tó yẹ kí Windows fúnra rẹ̀ ti ní nílẹ̀ ni kò sí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ winver, kí ẹ tẹ Enter. Bí ẹ bá rí "Build 7601: Service Pack 1", ó dáa. Bí 7600 ni ẹ rí, kò sí Service Pack 1 (àkójọ àtúnṣe ńlá tí Microsoft ṣe fún Windows 7) níbẹ̀, ẹ má sì wulẹ̀ gbìyànjú ohunkóhun mìíràn títí tí ẹ ó fi gbé e sórí ẹ̀rọ. KB976932 ni nọ́ńbà rẹ̀; KB ni Microsoft máa ń fi síwájú nọ́ńbà àwọn àtúnṣe rẹ̀. Ti 64-bit tó nǹkan bíi 900 MB, ti 32-bit lé díẹ̀ ní 500 MB. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti Pause pọ̀, kí ẹ wo iwájú "System type", bóyá 32-bit ni tàbí 64-bit. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí gbogbo ohun tí ẹ máa dáńlóòdù lẹ́yìn ìyẹn, orí rẹ̀ ló dá lé. Fáìlì 64-bit kò lè ṣiṣẹ́ lórí Windows 32-bit láéláé. "The version of this file is not compatible with the version of Windows you're running" ni ẹ sábà máa rí. "Not a valid Win32 application" náà lè jáde tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já kí fáìlì tó parí, nítorí náà ẹ fi ìwọ̀n fáìlì yín wé ìwọ̀n tó wà lórí ìkànnì tí ẹ ti mú un.

Ẹ wo aago ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa á ni ọjọ́ ń padà sẹ́yìn, bátìrì kékeré orí mọ́dàbọ́ọ̀dù ló ti kú. CR2032 ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì wọ́n. Sátífíkéètì tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí sọ́fítíwíà ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Tí aago bá ń sọ pé ọdún 2010 la wà, Windows á gbà pé sátífíkéètì ọ̀hún kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò sì kọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ SHA-2, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí fáìlì kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé ojúlówó ni, gan-an ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Tẹ́lẹ̀, Microsoft máa ń fi SHA-1 àti SHA-2 fọwọ́ sí àwọn àtúnṣe rẹ̀. Ní ọdún 2019 ó fi SHA-1 sílẹ̀. Windows 7 tí kò mọ SHA-2 kò lè ka ìfọwọ́sí yẹn, nítorí náà ojú ayédèrú ló fi ń wo fáìlì tó jẹ́ ojúlówó. Oògùn rẹ̀ jẹ́ méjì, wọ́n sì ní ètò: KB4490628 ló ṣáájú, ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn, KB4474419 ló tẹ̀lé e. Catalog.update.microsoft.com ni ẹ ti máa rí méjèèjì. Èyí tí wọ́n kọ x64 sí lára wà fún 64-bit, x86 wà fún 32-bit. Itanium tí ẹ máa rí níbẹ̀, ẹ fojú fò ó. Bí ẹ̀rọ bá ní "The update is not applicable to your computer", nínú ọ̀nà mẹ́ta kan ni: irú tí kì í ṣe tiyín lẹ mú, tàbí kò sí Service Pack 1, tàbí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bó bá dúró sórí "Searching for updates on this computer" fún wákàtí gbáko, ẹ fagi lé e. Ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú "Run as administrator", ẹ kọ net stop wuauserv, kí ẹ wá tẹ fáìlì náà lójú ẹsẹ̀. Á wọlé.

Ní ti DLL (fáìlì tí sọ́fítíwíà máa ń yá lò kó tó lè ṣiṣẹ́) tí wọ́n ní ó sọnù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ wá fáìlì DLL kan ṣoṣo lórí àwọn ìkànnì tó ń pín in kiri. Ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ti ń wọlé, kì í sì í tán ìṣòro. Tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú api-ms-win-crt, KB2999226 ni ẹ nílò. Tó bá jẹ́ VCRUNTIME140.dll, Visual C++ Redistributable 2015-2019 ni, àkójọ irú DLL bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Microsoft. Lórí ẹ̀rọ 64-bit, x86 àti x64 ni kí ẹ gbé lé e, torí sọ́fítíwíà 32-bit kì í lo ti 64-bit. D3DCOMPILER_47.dll ń fẹ́ KB4019990.

.NET Framework, ohun èlò Microsoft tí àwọn sọ́fítíwíà kan nílò kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́, tún ní wàhálà tirẹ̀. 4.8 ló kẹ́yìn fún Windows 7, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú 4.8.1. Ẹ mú èyí tó jẹ́ offline installer, tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá ń wọlé. Bó bá ń ráhùn nípa "certificate chain", sátífíkéètì gbòǹgbò Microsoft ti ọdún 2011 ni kò sí. Ẹ dáńlóòdù MicRooCerAut2011_2011_03_22.cer láti ọ̀dọ̀ Microsoft, kí ẹ ṣí Command Prompt ti administrator nínú fódà tó wà, kí ẹ kọ:

certutil -addstore root MicRooCerAut2011_2011_03_22.cer

Àwọn kan wà tí kò ní oògùn. Bí ẹ bá rí "procedure entry point" àti KERNEL32.dll nínú gbólóhùn kan, pàápàá tí orúkọ bíi GetSystemTimePreciseAsFileTime bá wà níbẹ̀, sọ́fítíwíà yẹn ń béèrè iṣẹ́ tó jẹ́ pé Windows 8 ló kọ́kọ́ ní in. Compatibility mode kò ní ràn yín lọ́wọ́; irọ́ ló ń pa fún sọ́fítíwíà nípa irú Windows tó wà níbẹ̀, kò lè dá ohun tí kò sí. Ẹ̀dà tó kẹ́yìn tó ṣì gba Windows 7 ni kí ẹ wá: Chrome 109, Firefox 115 ESR, Python 3.8. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é gan-an ni kí ẹ ti mú un.

Fún fáìlì .msi (irú fáìlì tí Windows fi ń gbé sọ́fítíwíà wọlé) tó bá jábọ̀ pẹ̀lú 1603, nọ́ńbà yẹn nìkan kò sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ó kọ àkọsílẹ̀ (ẹ fi ibi tí fáìlì yín wà àti orúkọ rẹ̀ rọ́pò C:\setup\eto.msi):

msiexec /i "C:\setup\eto.msi" /l*v C:\setup\log.txt

Ẹ ṣí log.txt nínú Notepad, ẹ wá "return value 3", kí ẹ ka ìlà bíi mẹ́wàá tó wà lókè rẹ̀. Ibẹ̀ ni òtítọ́ wà: ẹ̀dà àtijọ́ tí wọn ò yọ tán, fódà tí SYSTEM (àkáǹtì tí Windows fúnra rẹ̀ ń lò) kò láṣẹ lé, tàbí díìsìkì C tó ti kún. 1618 ní tirẹ̀ ò le: ètò mìíràn ń wọlé lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó parí, tàbí kí ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn.

Àwọn fáìlì KB yìí, ẹ tọ́jú wọn sórí fláàṣì, fódà kan fún x86, ọ̀kan fún x64, kí ẹ sì fi 1, 2, 3 sí iwájú orúkọ wọn bí wọ́n ṣe máa wọlé. Oníbàárà tó ń bọ̀ lọ́la, Windows 7 tiẹ̀ náà lè má ní Service Pack 1.