Ẹni Tó Bá Jẹ Ìyá Dámi Ní Gbèsè

Inú mi kò bàjẹ́, inú mi kò sì dùn. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbọ́ ní ọjà Àtakúmọ̀sà lọ́sàn-án òní, tí ó há mọ́ mi létí bí omi odò, bí mo ti ń mi orí tó, kò jáde. Bóyá bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, yóò fi mí lọ́rùn sílẹ̀ kí n lè sùn.

Ti ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ kò pọ̀: òjò rọ̀ ní ìdájí, iná kò wá, orúnkún mi ṣe bí ó ti máa ń ṣe, ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ sì mọ ìyókù. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago méjìlá, mo rí awò ojú ìyàwó mi, Ìyá Dámi, lórí tábìlì, mo sì mọ̀ pé kò lè kọ nǹkan kan sínú ìwé láìsí i. Ni mo bá gun ọ̀kadà, mo gbé e lọ bá a ní ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ lọ́jà.

Ẹ̀yìn ìsọ̀ ni mo gbà wọlé nítorí pé ẹrẹ̀ pọ̀ níwájú. Àwọn àǹkárá tí ó fi kọ́ sórí okùn bò mí láti orí dé orúnkún, n kò rí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì rí mi. Obìnrin méjì ń sọ̀rọ̀ ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́. Èyí èkíní ń wá ibi tí òun ti lè rí aṣọ àǹkòó gbà láwìn. Èyí èkejì dá a lóhùn pé, “Ṣebí Ìyá Dámi nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ Ìyá Dámi ní gbèsè, kò jẹ gbèsè.” Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni n kò mọ ibi tí mo lè gbé e sí. Bí kò bá sí ẹ̀rín níbẹ̀, ǹ bá gbà pé wọ́n ń yìn ín ni. Bí ẹ̀rín náà bá sì korò, ǹ bá ti yọ láti inú aṣọ kí n bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín lásán ni, bí ìgbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ ilé kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ní kọ́kọ́rọ́. Mo dúró sáàárín aṣọ pẹ̀lú awò ojú lọ́wọ́ bí olè, títí wọ́n fi lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, kí ẹ rántí, ọmọ òṣómàáàló. Bàbá tó bí bàbá mi ru aṣọ láti Iléṣà dé ilẹ̀ Ìgbómìnà, ó ń tà á láwìn láti abúlé dé abúlé, nígbà tí àkókò bá sì tó, yóò padà lọ gbowó. Onígbèsè tí kò bá rí owó san yóò bá a lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó, kò dìde, ó lóṣòó síbẹ̀ títí tí owó yóò fi ti inú ilé jáde. Òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi: ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àwọn ará ìlú mìíràn fi bú wa, àwa sì sọ ọ́ di ohun ìyangàn. Kí ẹni tí ó ti irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde wá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa ìyàwó tí ó ń ta aṣọ, ẹ kò ha rí i pé ó tó nǹkan?

Ọmọ Iléṣà ni òun náà, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó máa ń dà bí ẹni pé ìlú méjì ni a ti wá. Tirẹ̀, Òkè-Ooye ni, ní Iléṣà níbí. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n fà lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ ní ọdún 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó fi iṣẹ́ awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ títì sílẹ̀ nítorí ìpè Ọlọ́run, ń wàásù níbẹ̀, tí èrò ń wọ́ tìrítìrí láti ìlú jínjìn, tí wọ́n ń gbé omi wá nínú ìkòkò àti ìgò kí ó lè gbàdúrà sí i. Láti ìgbà náà, ìgò omi àdúrà kò tíì kúrò nínú ilé wọn. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ẹ má ṣe bi mí ní ohun tí mo rò nípa rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí orúnkún yìí dá mi wólẹ̀, mo mu nínú rẹ̀.

Ní alẹ́, mo ní kó gbé ìwé àwìn rẹ̀ wá kí n bá a ṣírò. Ìwé náà ni ó fi àjákù àǹkárá aláwọ̀ ewé bò, etí rẹ̀ ti ká, ó sì ń rùn bí aṣọ tuntun. Níwájú àwọn orúkọ kan, ó máa ń fi bírò pupa ya àgbélébùú kékeré. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bá a ṣírò, tí mo sì gbà lọ́kàn ara mi pé àmì ẹni tí ó ti san díẹ̀ ni. Lálẹ́ òní, mo ka àgbélébùú 11 níwájú obìnrin kan tí ó jẹ ₦68,000. Mo bi í pé, èló ló wá kù? Ó wò mí.

“Ẹ̀yin náà kẹ̀, Bàbá Dámi! Àwọn ọjọ́ tí mo gbààwẹ̀ fún un nìyẹn.”

Mo bínú. Mo sọ fún un pé àwọn tó ni ìsọ̀ kì í gba ààwẹ̀ lówó. Ó ní ẹni tí ó bá ṣàánú tálákà, Ọlọ́run ló yá lówó. Èmi náà ní n kò tíì rí ọjọ́ tí Ọlọ́run wá sí Àtakúmọ̀sà wá san án. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi òkèlè iyán kan kún tèmi láìjẹ́ pé mo béèrè.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe òmùgọ̀. Bàbá olówó kan gba léèsì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó ń sọ pé kí wọ́n padà wá lọ́la, lọ́la. Ìyàwó mi rán ọmọ sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ títí ó fi san, kọ́bọ̀ kò dín. Òṣómàáàló ni ọjọ́ yẹn! Ṣùgbọ́n obìnrin ₦68,000 yìí, ọkọ rẹ̀ ló kú. Òun ló gba àǹkòó òkú fún gbogbo ẹbí, àwọn ẹbí sì yọ aṣọ tiwọn, wọ́n rán an, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n jó nínú rẹ̀, wọ́n gbàgbé àtisanwó. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà nínú ìwé. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà opó? Síbẹ̀, ₦68,000 kì í ṣe owó ẹ̀pà…

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí n kò tíì sọ rí. Ní ọdún tí owó oṣù mi di ààbọ̀, tí ààbọ̀ náà sì ń pẹ́ kó tó dé, bí mo bá wọ ẹ̀wù tí ó bá mi lọ̀, mo máa ń bá owó nínú àpò àyà rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ooru áyọ́ọ̀nù ṣì wà lára rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ń ṣe bí ẹni pé owó ara mi ni mo gbàgbé síbẹ̀, mo sì fi ń ra oúnjẹ jẹ níbi iṣẹ́ bí ọkùnrin tí nǹkan kò ṣe. Ó lé ní ọdún méjì tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀, tí kò sí ẹni tí ó wo ojú ẹnìkejì.

Nítorí náà, nígbà tí ó lọ fọ abọ́, mo tú àpótí tí ó ń kó àwọn ìwé àwìn àtijọ́ sí, mo yọ ti ọdún yẹn, mo sì wá orúkọ mi láti ojú ewé kìíní dé èyí tó kẹ́yìn. N kò rí i. Inú mi dùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, inú mi kò dùn mọ́, nítorí pé bí orúkọ mi kò bá sí nínú ìwé, kò sí ibi tí a ó ti fa ìlà sí i pé mo ti san. Ẹni tó bá jẹ Ìyá Dámi ní gbèsè, kò jẹ gbèsè. Obìnrin yẹn kò mọ ohun tí ó ń sọ. Tàbí ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, n kò mọ̀.

Ohun mìíràn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò nìyí: aago mẹ́rin ìdájí ni ó máa ń jí gbàdúrà ní pálọ̀, tí ó máa ń pe orúkọ ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ará ìjọ ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ará ìjọ, ìwé àwìn ni ó ń kà. Láti ọdún tí mo ti ń gbọ́ ọ lójú oorun, n kò tíì gbọ́ ọ dé ìparí rí.

Mo ti ní kí ó jí mi ní aago mẹ́rin lọ́la. Ó bi mí pé fún kí ni. Mo ní oògùn orúnkún ni mo fẹ́ lò.